Èmi Ni Mo Da Òjòlá Òyìnbó Sínú Àbàtà Ṣàngótẹ̀dó

Ẹ̀yin ará ìjọ, àti gbogbo ẹ̀yin aráàdúgbò tí ẹ wà lórí Wásáàpù yìí, èmi Ọdúnjọ Akínọ̀ṣọ́ ni mo ń sọ̀rọ̀. Inú fóònù ni mo ń sọ ọ́ sí, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìde nínú ìjọ láti sọ ọ́ lójúkojú, tí ẹ ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "Èmi ni" lásán ni, ẹ ti gbé orin. Nígbà kejì, Wòlíì Olúwaṣíjibòmí gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ kan ló fẹ́ yá ẹnu mi lò, wọ́n ní kí n lọ dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ àánú, iyanrìn ìta ìjọ tí a ti ń tọrọ àforíjì. Mo dùbúlẹ̀. Iyanrìn wọ̀ mí létí. Nígbà tí mo dìde, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú mi bó ṣe wà. Ó ti sú mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àdúrà dúró díẹ̀ kí ẹ gbọ́ òótọ́. Kò sí ẹni tó rán ejò sí wa. Ìyá Rẹ̀mí kọ́ ló ni ejò. Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi da òjòlá méjèèjì sínú àbàtà ẹ̀yìn ìjọ, lọ́sàn-án gangan, ojú mi là, orí mi pé.

Ẹ mọ̀ pé kí n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù páìpù níbí, ilé Ọ̀gá Akínbọ̀dé ní Lẹ́kkí Phase 1 ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń ṣọ́ géètì, mo ń fọ mọ́tò, mo ń bomi rin òdòdó. Iṣẹ́ kan kù tí n kò sọ fún yín. Ọ̀gá ní yàrá kan tí wọ́n fi gíláàsì kọ́ lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin òjòlá méjì. Kì í ṣe òjòlá tiwa tí àwọn bàbá wa ń pa nínú oko o. Ti òkè òkun ni, láti ilẹ̀ Éṣíà lọ́hùn-ún. Ẹnì kan ló bá Ọ̀gá kó wọn wọlé nígbà tí wọn ò tíì ju okùn bàtà lọ. Nígbà tí èmi fi máa bá wọn, abo wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mọ́tò Ọ̀gá, ara rẹ̀ kún fún bátànì bí àǹkárá. Ọ̀gá sì sọ wọ́n lórúkọ. Wọ́n pe akọ ní Káyọ̀dé, wọ́n pe abo ní Bísí. Ẹ gbà mí o! Ejò tó ń jẹ́ Bísí! Àwọn àlejò á wá, wọ́n á dúró níwájú gíláàsì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á máa pariwo. Tí wọ́n bá lọ tán, èmi ni mo ń ju ehoro láàyè sí wọn, èmi ni mo ń kó ìgbẹ́ wọn. Mo ń bú Ọ̀gá nínú mi lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́, inú mi tún máa ń dùn pé èmi nìkan ló láyà láti wọlé tọ̀ wọ́n lọ.

Nígbà tí Ọ̀gá àti ìdílé wọn fẹ́ kó lọ sí Kánádà, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ọdúnjọ, mo ti bá àwọn kan tó ń tọ́jú ẹranko ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń retí pé kí o gbé Káyọ̀dé àti Bísí wá. Ìwọ ni mo fọkàn tán. Jọ̀ọ́, má fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí èèyàn wà o." Mo ní, "Yẹs sà." Ẹ gbọ́ ìdáhùn òmùgọ̀! Yẹs sà! Mo mọ̀ pé n kò mọ bí màá ṣe gbé òjòlá dé Ìbàdàn. Ta ni yóò jẹ́ kí n gbé e wọ mọ́tò rẹ̀? Bí ọlọ́pàá bá dá wa dúró, kí ni màá ní mo gbé? Ṣebí mo lè sọ fún Ọ̀gá pé agbára mi ò ká a, wọn ì bá wá ẹlòmíràn. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ara mi sì wúwo láti lọ. Ọ̀gá wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé mi lọ́wọ́. Mo bọ́ ejò méjèèjì yó bámúbámú. Nígbà tí wọ́n ń sùn, mo yí wọn sínú àpò ńlá méjì, mo fi okùn di ẹnu àpò, mo pe ọlọ́kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó máa ń kó ẹrù. Mo ní kápẹ́ẹ̀tì àlòkù ni. Ọkùnrin náà gbá ìdí àpò kan mú, ó ní, "Bọ̀dá, kápẹ́ẹ̀tì yín mà wúwo o." Mo ní ó tutù ni.

Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yìn ìjọ wa ni mo gbé wọn wá? Kò sí ìdí gidi kan. Ibẹ̀ ni mo mọ̀ tí àbàtà wà. Mo tú okùn, mo yí àpò sómi. Bísí kọ́kọ́ lọ, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: "Ọdúnjọ, kí lo dà sómi yẹn?" Ìyá Rẹ̀mí ni. Gbogbo yín mọ ilé pákó wọn tó wà létí omi. Àwọn ló ń fọ sùtánà wa, tí wọ́n ń fi búlúù sí i títí á fi máa tàn. Mo ní, "Pàǹtí ni, Màmá." Wọ́n ní, "Pàǹtí kẹ̀? Mo rí i tó yí nínú àpò." Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n wò mí, wọ́n mi orí, wọ́n padà sídìí aṣọ wọn. Èmi náà lọ sílé, mo jẹun, mo sùn. Èèyàn kì í fi iná sórí òrùlé kó lọ sùn, ṣùgbọ́n èmi sùn, mo tún hanrun.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Rẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Wọ́n sọ nínú ìjọ pé, "Ẹ ṣọ́ra o, nǹkan kan wà nínú omi yìí." Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ tẹ̀ lé pẹ́pẹ́yẹ, ajá tẹ̀ lé ewúrẹ́. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ kọ́ ẹ̀sítéètì tuntun wá ń da iyanrìn dí àbàtà, ejò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sí ìgboro. Kì í ṣe méjì mọ́. Wọ́n ti bímọ, ọmọ wọn ti ń dàgbà. Wọ́n rí ọ̀kan nínú gọ́tà ọjà, wọ́n rí ọ̀kan lábẹ́ fíríìsà ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja. Wọ́n pa ọ̀kan ní Bádọ̀rẹ́. Wọ́n ní wọ́n ti rí i ní Ajah, wọ́n ní ó ti ń lọ sọ́nà Ẹ̀pẹ́. Fọ́tò ló ń dé sórí fóònù mi lójoojúmọ́, bátànì kan náà. Títí ó fi kan Yọ̀mí bíríkìlà, ọmọ Ọ̀ṣun, ará ìjọ wa. Ó sùn sórí iyanrìn níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án kí oòrùn rọlẹ̀. Ejò wé mọ́ ọn láti ẹsẹ̀ dé ìbàdí. Ṣọ́bìrì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣá a kúrò lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ṣẹ́. Títí di òní, Yọ̀mí ò lè gun àkàbà.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí, ẹ má tíì pa fóònù. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Wòlíì ní Ẹ̀mí sọ pé ẹni tó ń sin ejò yìí jókòó láàárín wa. Òótọ́ sì ni! Ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ ejò yìí tọ̀nà nínú ìjọ wa nìyẹn. Ìyá Rẹ̀mí wá na ọwọ́ sókè lẹ́yìn níbẹ̀. Wọ́n ní, "Wòlíì, mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí mo rí létí omi lọ́jọ́ kan." Mo mọ ohun tí wọ́n rí. Kí wọ́n tó mí, mo ti fò dìde. Mo ké, mo gbọn jìnnìjìnnì, mo ní mo rí ìran! Mo ní mo rí òjòlá tó jáde lómi, tó wọ ilé pákó kan, tó ká sínú ọpọ́n ìfọṣọ. Mo ní ìyá arúgbó kan ń bọ́ ọ, ó ń pè é ní ọmọ òun. Ta ló ní ọpọ́n ìfọṣọ létí omi? Mi ò ní láti dárúkọ. Ẹ̀yin lẹ dá a. Irọ́ ni, irọ́ funfun báláú, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń hun ún. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé mo tún rí ẹlẹ́rìí! Arábìnrin kan dìde nínú àwọn akọrin, ó ní òun náà rí i lójú àlá. Òmíràn ní òun ti ń rí i tipẹ́. Yọ̀mí tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní, "Ìyá yẹn wo ẹsẹ̀ mi kí ó tó ṣẹlẹ̀." Èmi tí mo dá irọ́ náà sílẹ̀, mo wà láàárín yín, mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń fi apá àti ẹsẹ̀ sí i. Ẹ ò ṣe bi ara yín léèrè? Ìyá Rẹ̀mí kò pariwo. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ọdúnjọ?" Mo gbójú sílẹ̀. Nígbà tí ẹ ń tú ilé wọn, èmi náà fa pákó yọ.

Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, àwa gé èyí tí kò ṣẹ̀. Màmá lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn, Rẹ̀míláyọ̀, ní Jákàńdè, Ìlàsàn. Ẹ lé wọn lọ, ejò ò bá wọn lọ. Ṣé kò yẹ kí ìyẹn là wá lójú? Rárá o! Ẹ ní láti Jákàńdè ni wọ́n ti ń rán an. Ìyá tó ń di ògiri mú kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn! Mo gbọ́ gbogbo ìyẹn, mo dákẹ́, mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀. Àfi bí Wòlíì ṣe kéde pé Ìyá Rẹ̀mí ti ránṣẹ́ wá, pé wọ́n ti gbà pé àwọn ló ni ejò, wọ́n á wá jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ dìde, tí ẹ gbé orin. Ìjẹ́wọ́ èmi ni ìyá aláìṣẹ̀ yẹn fẹ́ wá bá mi ṣe.

Mo lọ sí Jákàńdè lánàá. Rẹ̀míláyọ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Bọ̀dá Ọdúnjọ, kí lẹ tún rí?" Ó ní ìyá òun ò jẹun mọ́, pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á ní kí òun ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn láti ìta, kí ohun tó wà lára àwọn má baà jáde lọ pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo jẹ́wọ́ pátá: ilé Ọ̀gá, àpò méjì, ìran tí n kò rí. Mo sunkún bí ọmọdé. Màmá gbọ́ mi dópin. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, Olúwa á ṣàánú fún ìwọ náà. Ṣùgbọ́n má purọ́ nítorí mi. Ṣé gbogbo ìjọ lè rí ohun tí kò sí?" Mo búra. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n ní kí Rẹ̀mí fún mi lómi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nílé olówó, bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ tí ẹ ò lè jẹ́, ẹ lanu kí ẹ sọ pé ẹ ò lè jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin aráàdúgbò, ejò ò mọ abẹ́là, kò mọ omi àdúrà. Ẹ pe àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú un, màá fi ibi tí mo dà á sí hàn wọ́n, kí ìjọba sì ṣe mí bó bá ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ bá mi rí ìran, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Ẹ mọ ara yín. N kò ní kí ẹ dárí jì mí báyìí, ìyẹn ṣì lè dúró. Ẹ dìde, kí ẹ lọ sí Jákàńdè kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé, kí ẹ sọ fún ìyá yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ẹ ò rí nǹkan kan. Ẹnu èmi nìkan ò tó. Màmá gbà yín gbọ́ ju ara wọn lọ.