Nọ́ńbà Tí Mo Fi Pa Bàbá Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí mo ṣẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi.

Kàbà ni mo ti ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ ìlú wa ní kí n máa bójú tó ìkànnì wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìròyìn òkú ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí ẹ mọ̀ wá, a fẹ́ràn ká mọ ẹni tó kú àti ọjọ́ tí wọ́n máa sin ín.

Bàbá kan wà ní Iyah-Gbẹdẹ, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń wọkọ̀ wá sí Kàbà, tí yóò mú ìwé tó fọwọ́ kọ wá fún mi. Orúkọ àwọn odò kéékèèké ilẹ̀ wa ló ń kọ: odò tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń pọn, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ, ohun tó fà á, èyí tó ti gbẹ. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ wọ́n bíi tirẹ̀.

Kí n má parọ́, iṣẹ́ Bàbá ń sú mi. Kò gbà kí n fo àmì ohùn kankan lórí ọ̀rọ̀. Bí mo bá gbàgbé ẹyọ kan péré, yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò wò mí títí. Yóò ní, "Ọmọ mi, odò mìíràn lo kọ yìí o." Ni màá tún bẹ̀rẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò dára nígbà náà. Ojú ìwé kan lè máa yí títí kó tó ṣí. Mo wá tan ohun kan tí àwa oníṣẹ́ ìkànnì ń pè ní kéèṣì. Dípò kí kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì dúró máa se ojú ìwé lọ́tun fún gbogbo ẹni tó bá dé, yóò sè é lẹ́ẹ̀kan, yóò gbé e sínú kúlà, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa bù fún àlejò. Ìkànnì yá. Gbogbo ènìyàn kí mi kú iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìdí iná, níbi tí wọ́n ti ń sè é, ni ètò tó ń ka iye àlejò jókòó sí. Kò rí ẹni tó gba tirẹ̀ nínú kúlà. Nọ́ńbà òǹkàwé tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, inú kúlà yẹn kan náà lòun náà wà. Ìròyìn òkú kò níṣòro, ojoojúmọ́ là ń fi kún un, ojoojúmọ́ ni kọ̀ǹpútà ń tún un sè. Ti Bàbá, bí a bá ti gbé e síta, a kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Òmíràn dúró sórí mẹ́sàn-án, òmíràn sórí mẹ́tàdínlógún, kò sì kúrò níbẹ̀.

Láràárọ̀ ni Bàbá ń wò ó lórí fóònù ọmọ rẹ̀. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé mẹ́tàdínlógún péré ni?"

Mo ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í parọ́ o."

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: ilé-iṣẹ́ tí a ń háyà àyè lọ́wọ́ wọn kọ̀wé pé àwọn tó ń ṣí ìkànnì wa ti pọ̀ ju èyí tí wọ́n gbà fún wa lọ. Mo wo àkọsílẹ̀ wọn, tó ń ka ẹni tó gba tinú kúlà pẹ̀lú. Odò Bàbá ni wọ́n ń kà jù. Wọ́n ju ẹgbẹ̀rún lọ, ó fi ìròyìn òkú sílẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni láti tún nọ́ńbà yẹn ṣe.

Mi ò tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ ṣèpàdé, alága bèèrè ojú ìwé tí a lè yọ kúrò kí ẹrù ìkànnì lè fúyẹ́. Bàbá jókòó níwájú mi. Mo dìde, mo ka nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ojú ìwé rẹ̀ sókè, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni mò ń kà. Ojú ń tì mí láti sọ pé ọwọ́ mi ló fà á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo fẹ́ sinmi.

Bàbá tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní, "Àwọn ọmọ wa ò fẹ́ mọ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Kò mú ìwé kankan wá mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí ìsìnkú kan ní Iyah-Gbẹdẹ, mo sì yà kí Bàbá bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ wa.

"Okun o, Bàbá."

"Okun, ọmọ mi." Ẹ̀ẹ̀mejì ló bèèrè orúkọ mi. Nígbà tó wá rántí mi, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìwọ nìkan lo sọ òótọ́ fún mi. Àwọn yòókù kàn ń pọ́n mi lé ni. O ṣeun."

Mo bi í nípa àwọn odò tí kò tíì kọ. Ó dárúkọ méjì. Ó wá ìkẹta títí, kò rí i, ó bá rẹ́rìn-ín. Mo kúrò níbẹ̀ láìjẹ́wọ́. Ojú ara mi ń tì mí.

Ẹ ó bèèrè pé kí ló dé tí àwọn òǹkàwé náà kò kọ èsì sí i. Ọmọ ilé wa ni wọ́n. Àgbà ń sọ̀rọ̀, ta ni yóò da ẹnu sí i? Wọ́n ń kà á, wọ́n sì ń dákẹ́. Nọ́ńbà yẹn nìkan ló ń dá Bàbá lóhùn, èmi ni mo sì ba ohùn rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ fún un báyìí, ṣé inú rẹ̀ yóò dùn, àbí yóò kàn mọ̀ pé mo gba ọdún mẹ́ta tí ìrántí rẹ̀ ṣì mú lọ́wọ́ rẹ̀? Mi ò ní kí ẹ bá mi jẹ́wọ́. Ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde. Àmọ́ bí ẹ bá wà lára àwọn tó ka odò wọ̀nyẹn, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kọjá ní Iyah, ẹ yà kí i. Ẹ dárúkọ odò ilé yín fún un, torí ó lè ti gbàgbé rẹ̀.