Ọ̀já Tí Mo Fi Pamọ́ Sábẹ́ Ọ̀rá

Wọn kì í pa ọ̀daràn mọ́ ní orílẹ̀-èdè Tógò. Nígbà tí adájọ́ ní kí n lọ ṣẹ̀wọ̀n títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi, àwọn kan nínú kóòtù mí kanlẹ̀, wọ́n ní orí yọ mí. Orí kò yọ mí o. Ẹni tí wọ́n bá pa, tirẹ̀ ti parí. Èmi ń jí lójoojúmọ́, mo sì ń rántí.

N kò ní dárúkọ ara mi. Ìyá mi ṣì wà láyé, ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní abúlé wa, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi orúkọ yẹn kí i lójú ọ̀nà. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ, bí mo ṣe ṣe é gẹ́lẹ́.

Ọmọ Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Tógò ni mí, láti abúlé kan tí kò jìnnà sí Elavagnon. Òwú àti iṣu ni bàbá mi ń gbìn. Nígbà tí ó kú, mo fi ilé ìwé sílẹ̀, mo wá sí Atakpamé wá ṣiṣẹ́. Mo rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà Kamina, níbi tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀rọ ìlọgbàdo. Àwọn tó ń yọ́ irin wà níwájú, àwa tí à ń di ẹrù wà lẹ́yìn. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a to ẹ̀rọ sórí pẹpẹ pákó tí à ń pè ní pálẹ́ẹ̀tì, kí a dè é kí ó má lè mì, kí ọkọ̀ sì gbé e lọ sí Sokodé, sí Kara tàbí sí Lomé. Ọ̀já irin la fi ń dè é. Irin pẹlẹbẹ ni, ó fẹ̀ tó ìka méjì. A ó fà á yí ẹrù àti pákó ká, a ó fi ẹ̀rọ ọwọ́ fún un títí yóò fi máa dún bí a bá fi ìka ta á, a ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó máa ń gé ni lọ́wọ́, ó sì máa ń gba àkókò.

Bàbá Lásísì ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Mùsùlùmí ni. Àwọn òbí rẹ̀ ló wá láti Nàìjíríà wá ṣòwò lọ́jà Atakpamé, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Èdè Ifẹ̀ tèmi àti Yorùbá tirẹ̀ jọra bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ a máa ń ṣi ara wa gbọ́, a ó sì rẹ́rìn-ín títí. Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo fẹ́ gbé Afí níyàwó, òun ló tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn àna mi, ó jókòó níbi tí ó yẹ kí bàbá mi jókòó sí.

“Ẹrù ò mojú ẹnikẹ́ni,” ló máa ń wí fún mi. “Bí o bá ti fi àyè sílẹ̀ fún un, yóò rìn.”

Mo ti lo ọdún bíi mélòó kan níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń kùn pé ẹrù ń pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀gá wa bá pè wá jọ sábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ Ajé kan. Ó gbé ọ̀rá kan tí wọ́n ká yípo dání, irú èyí tó máa ń fà tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n fi ń wé ẹrù.

Ó ní, “Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ọ̀já irin tí à ń lò yìí, ọ̀já ike, àti ọ̀rá yìí. Wọ́n ní ènìyàn kan lè fi ọ̀rá wé pálẹ́ẹ̀tì kan kí ẹ tó fún ọ̀já irin kan tán. Èwo ni kí a mú?”

Bàbá Lásísì ló kọ́kọ́ dáhùn. “Ọ̀gá, kò sí èyí tó burú nínú wọn, ibi tí kálukú ti wúlò ló yàtọ̀. Tó bá ṣe páálí ọṣẹ ni, ọ̀rá tó. Tó bá ṣe àpò sìmẹ́ńtì ni, ọ̀já ike pẹ̀lú ọ̀rá á gbé e. Ṣùgbọ́n irin ni tiwa, ó wúwo, ó sì ní igun. Ọ̀rá á kó o jọ, kò ní dè é mọ́ pákó. Ẹ sì wo ọ̀nà wa, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni gbogbo rẹ̀.”

Ọ̀gá kò dùn sí i. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. “Mo fẹ́ yan ẹnì kan ṣe ṣẹ́ẹ̀fù, kí ó máa ṣe olórí ẹ̀ka yìí. Ṣé kò sí ẹni tó rò pé ọ̀rá nìkan lè ṣe é?”

Ṣẹ́ẹ̀fù. Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tábìlì wà níbẹ̀, fáànù wà níbẹ̀. Mo máa ń wo inú rẹ̀ bí mo bá ń kọjá. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, “Ó lè ṣe é, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n dán an wò.”

Wọ́n ní kí èmi di pálẹ́ẹ̀tì kan lọ́nà tèmi, kí Bàbá Lásísì di ọ̀kan lọ́nà tirẹ̀, kí ọkọ̀ gbé méjèèjì lọ sí Kamina, kó sì gbé wọn padà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà mo ti dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo fa ọ̀já ike méjì yí ẹ̀rọ àti pákó ká, mo fún wọn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi ọ̀rá wé gbogbo rẹ̀. Ọ̀rá dúdú ni mo mú, kì í ṣe funfun, kí ojú má baà rí ọ̀já náà.

Kọfí dẹ́rẹ́bà gbé ẹrù náà gba gbogbo kòtò ọ̀nà títí dé ibi àwókù ilé tí àwọn Jámánì kọ́ síbẹ̀ láyé ìjọba wọn, ó sì padà. Ẹrù méjèèjì kò yẹ̀. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún mi níwájú gbogbo ènìyàn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti jókòó lábẹ́ fáànù.

Bàbá Lásísì ni wọ́n ní kó tú pálẹ́ẹ̀tì náà. Kò sọ nǹkan kan lójú ènìyàn. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yọ ọ̀já ike kan tó ká jọ jáde lápò.

“Kí nìyí?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo bẹ̀ yín.”

Ó ká ọ̀já náà padà sápò. “Ìwọ ni ṣẹ́ẹ̀fù báyìí. Máa fi ọ̀já sí i lóòótọ́ nígbà náà. Bí o bá ń fi sí i, màá pa ẹnu mi mọ́.”

Mo ṣèlérí, mo sì mú un ṣẹ fún ìwọ̀nba ìgbà. Ó wá di ọjọ́ kan tí ọ̀gá dúró tì wá, tó ń wo aago. Ó ní, “Ṣebí o ní ọ̀rá nìkan tó, kí ni o tún ń fi ọ̀já ṣe?” N kò lè dáhùn láì tú àṣírí ara mi. Láti ọjọ́ náà ni a ti fi ọ̀já sílẹ̀. Ẹrù ń lọ, ẹrù ń dé láyọ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé òótọ́ ni mo sọ.

Ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, òjò ń rọ̀ wẹ́liwẹ́li, àwọn ọmọ ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Kọfí ń bọ̀ láti orí òkè wọ ìlú. Ewúrẹ́ kan já sí ojú ọ̀nà, Kọfí sì tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró, ẹrù kò dúró. Ọ̀rá ya, ẹ̀rọ ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí gbirigbiri lọ sí ìsàlẹ̀. Mádàámù kan tó jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké wà lẹ́yìn alùpùpù akérò kan. Òun àti ẹni tó gbé e kú lójú ẹsẹ̀.

Mo sáré débẹ̀. Ìwé àwọn ọmọ tí olùkọ́ náà fẹ́ lọ yẹ̀ wò nílé fọ́nká sínú omi, orúkọ wọn wà lẹ́yìn ìwé, yíǹkì ń ṣàn lọ. N kò sunkún. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, ta ni yóò mọ̀?

Àwọn jàndámù, ọlọ́pàá ilẹ̀ wa, dé. Èyí tó dàgbà nínú wọn bi mí pé, “Ṣé ẹ dì í dáadáa?”

Mo ní, “A dì í bí a ti máa ń dì í. Eré ni dẹ́rẹ́bà sá.”

Kọfí yíjú sí mi. Ẹ̀jẹ̀ wà ní iwájú orí rẹ̀. “Ṣẹ́ẹ̀fù, èmi? Èmi sáré?”

N kò wò ó lójú. Wọ́n mú un lọ.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Lásísì wọ yàrá mi, ó pa fáànù kí ohùn rẹ̀ lè dé etí mi.

“Jẹ́ ká lọ sọ òtítọ́. Èmi náà á bá ọ lọ. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn yẹn wà lọ́rùn èmi náà.”

“Bàbá, wọ́n á tì mí mọ́lé. Afí ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.”

“Ìyàwó Kọfí náà wà nínú oyún. Mo fún ọ di Jímọ̀, ọmọ mi. Tí mo bá ti kírun tán lọ́jọ́ náà, màá lọ, bóo bá mi lọ bóò bá mi lọ.”

Ọ̀túnla ni Jímọ̀.

Gbogbo wa la mọ ibi tí ó ti máa ń kírun ọ̀sán. Lẹ́yìn àwọn ẹrù tí a tò lérí ara wọn ni, níbi tí òjìji wà tí kò sì sí ariwo. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo lọ síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ la ọ̀rá tó wé ẹrù òkè láti ẹ̀yìn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo wá lọ jókòó sórí ọkọ̀ kékeré tí a fi ń gbé pálẹ́ẹ̀tì sókè, mo ń dúró. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ní àyè láti ronú. Mo gbọ́ tó ń da omi sí ẹsẹ̀. Mo gbọ́ tó ń tẹ́ ẹní. Mo lè sọ̀ kalẹ̀. N kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo mọ̀ pé iwájú orí rẹ̀ ti kan ilẹ̀, mo wa ọkọ̀ náà síwájú, mo fi ti àwọn ẹrù náà, èyí tó wà lókè sì wó lù ú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ kígbe. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé irin kúrò lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn rí bí mo ṣe ń sunkún, wọ́n ní, “Ẹ wo ọmọ gidi.”

Kò kú lójú ẹsẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, jàndámù àgbà yẹn bi í lójú mi pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé ó rí ẹnikẹ́ni. Mo dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá Lásísì la ojú, ó rí mi. Mo mọ̀ pé ó rí mi. Ó ní, “Ẹ tú Kọfí sílẹ̀. Kò sáré. Ẹ lọ wo bí a ṣe ń di ẹrù.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kú kí oòrùn tó wọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú jàndámù padà sí ilé iṣẹ́ wa lọ́jọ́ kejì. Ó gbé ọ̀rá ẹrù tó wó lu Bàbá Lásísì sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó pè mí.

“Èyí tó bọ́ sílẹ̀ lórí òkè lọ́jọ́sí, ó fà gùn kó tó ya, etí rẹ̀ rí jágajàga. Èyí tọ́ gbọọrọ. Ọ̀bẹ ló là á. Fi ọ̀bẹ rẹ hàn mí.”

Ó wà lápò mi. Mo fi lé e lọ́wọ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, láti orí ọ̀rá dúdú dé orí ẹní ìkírun. Wọ́n tú Kọfí sílẹ̀. Mo gbọ́ pé kò wa ọkọ̀ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Afí wá wò mí. Lẹ́ẹ̀kejì ó ní, “Ọmọ ń dàgbà. Wọ́n á bi í pé ta ni bàbá rẹ̀. Kí ni kí n kọ́ ọ kó máa wí?” Kò wá mọ́, n kò sì dá a lẹ́bi.

Ìyàwó Bàbá Lásísì náà wá. Mo rò pé ó wá ṣépè fún mi ni, mo sì ti múra láti gbà á. Ó jókòó níwájú mi, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

“Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bi ọ́. Ṣé ó ti kírun náà tán?”

Mo lè purọ́ fún un. Irọ́ náà ìbá tù ú nínú. Mo ní, “Rárá, Ìyá. Kò tíì kí i tán.”

Ó dìde, ó lọ. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹ má rò pé wọ́n bí mi ní apànìyàn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ katikísìmù ni mí. Ọ̀já ike méjì péré ni mo fi pamọ́, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ṣẹ́ẹ̀fù. Bí mo bá ti tú àṣírí náà lọ́jọ́ kejì, wọn ì bá fi mí rẹ́rìn-ín, bóyá kí wọ́n lé mi lọ, n ì bá sì padà sí oko bàbá mi. Ènìyàn mẹ́ta ì bá wà láyé. Bí o bá ti purọ́, ọmọ ìyá mi, tètè lọ tú u nígbà tó ṣì jẹ́ irọ́ lásán. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ikú ara ẹni ni wọ́n ń wí. Èmi gbé ikú lọ bá àwọn tí kò ṣẹ̀ mí, kí ẹ̀sín ọjọ́ kan má baà kàn mí.