Igi Obì Kan Ló Kù Tó Ń Dúró Dè Mí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò tíì sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sì sọ ọ́ fún bàbá tó bí mi lọ́mọ. Igi obì kan wà nínú oko kan lẹ́yìn Iperindo, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó ń dúró dè mí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó fẹ́ gé e ti gbé ẹ̀rọ ìgégi dé ìdí rẹ̀, wọ́n sì tún gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè gé e àyàfi tí ẹni tó ni ín bá fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ni ín. Ẹnu tó sì yẹ kí n ti là láti ọjọ́ kìíní ni mo pa dé, tí mo ń ṣe bí ọ̀mọ̀wé.

Iṣẹ́ ìdíyelé ilé àti ilẹ̀ ni mò ń ṣe. Kì í ṣe sọ́fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sọ́fíyọ̀ ni gbogbo àdúgbò mi ní Igbona, l'Óṣogbo, ń pè mí. Àwa la máa ń wo ilé tàbí oko, tí a ó sọ bó ṣe níye lórí tó, tí a ó kọ ọ́ sínú ìwé, tí a ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Òǹtẹ̀ tèmi ò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi, bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun sẹ́nu iṣẹ́ náà, kì í rẹ̀ ẹ́ láti máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ wa létí pé bí iṣẹ́ bá ju ìmọ̀ rẹ lọ, kọ̀ ọ́. Bó bá sì kan ẹbí rẹ, bó ti wù kó jìnnà tó, kọ̀ ọ́, má wojú ẹnikẹ́ni. Mo máa ń mi orí bí alángbá. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo máa ń sọ pé ẹni tó ti yó ló lè sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kó kọ oúnjẹ. Ìgbéraga ni, mo gbà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa dá ṣe ló dé yìí. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba l'Óṣogbo ló gbé e wá. Ìdílé rẹ̀ ní igbó obì kan lẹ́yìn Iperindo, àwọn awagóòlù sì ti ń fojú sí ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ ìdílé fẹ́ tà á. Ìyá Àgbà kan ṣoṣo tó ṣì ń gbé inú oko náà ní òun ò gbà. Ìjà yìí pọ̀ títí wọ́n fi fẹnu kò pé kí wọ́n mú adíyelé tí kì í ṣe ọmọ ìdílé wá. Bí ìwé rẹ̀ bá ní igbó obì náà ṣì wúlò, wọn ò ní tà. Bó bá ní àwọn igi ti gbó, wọn á tà. Gbogbo wọn jẹ́jẹ̀ẹ́ sí i, àti Ìyá Àgbà pẹ̀lú. Ọ̀gá mi wá bi mí pé ṣé mi ò ní ẹbí lápá ibẹ̀. Ìyá mi, tó kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, apá Iperindo ló ti wá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n abúlé mélòó ló wà níbẹ̀? Mo ní, "Rárá, sà." Ilé ayé mi àtọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló bà á jẹ́.

Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, Ìyá Àgbà ti jókòó sórí àpótí níwájú ilé amọ̀ rẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní èdè Ìjẹ̀ṣà tí ìyá mi fi ń kọrin fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré: "Ọmọ yèsí ni ọ́?" Ọmọ ta ni mí? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í wọ oko àgbà láìdáhùn irú ìbéèrè yẹn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n mo gbé fáìlì sí àyà, mo fi èdè Òṣogbo dá a lóhùn pé láti ọ́fíìsì ni mo ti wá, mà. Ó mi orí, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí á lọ.

Mo ti wọ oko rí, mo ti ka igi kòkó rí, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí láyé mi. Oòrùn ọ̀sán gangan ló ń ràn lóde, inú igbó obì náà sì tutù bí inú ìkòkò omi. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, bí ẹni pé wọ́n gbá a. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, oókan, eéjì, ni Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé igi àkọ́kọ́, ó sọ orúkọ ẹni tó ni ín, ọmọ ta ni, ibi tó ń gbé, bóyá ó kú, bóyá ó yè. Ó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sí òmíràn. Háà! Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú ìdílé náà, àti ọmọ tí àwọn ọmọbìnrin wọn bí sílé ọkọ, wọ́n ti ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gbin obì lé e lórí. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún igi. Kò ṣi orúkọ kan pè, kò sì wo ìwé kankan. Bírò dúró lọ́wọ́ mi. Kí ni mo fẹ́ kọ? Iye wo ni wọ́n ń dá lé èèyàn lórí? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, lóòótọ́. Bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ibi tí Ọlọ́run ń kó orúkọ pamọ́ sí ló rí lára mi.

A dé ibi igi méjì kan tó fara kanra, ọ̀kan tóbi, èkejì kéré. Ìyá Àgbà dúró. Ó ní, "Ti Àbẹ̀kẹ́ rèé. Ó fẹ́ ọmọ Òṣogbo kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó dìwọ́ ọmọ rẹ̀ sínú aṣọ funfun, ó gbé e wá síbí kí á gbin tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun." Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ ìyá mi. Rélùwéè ni bàbá mi ti fẹ̀yìn tì. Ìyá Àgbà kò wo igi náà mọ́, èmi ló ń wò. Mo fọwọ́ kan èyí tó kéré. Ó ń so lọ́wọ́, èso rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀. Ọkàn mi ń sọ pé kí n kúnlẹ̀, kí n sọ orúkọ mi, kí n sì dá iṣẹ́ náà padà. Ẹnu mi ní, "A ti parí, mà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti burú jù lọ rèé. Mo ti mọ̀ pé ọmọ ibẹ̀ ni mí, ẹ̀rù wá ń bà mí pé bó bá hàn lọ́jọ́ kan, wọn á ní mo gbè sẹ́yìn ìyá mi. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ bẹ́ẹ̀, mo tẹ̀ sí òdì kejì. Mo kọ ọ́ pé àwọn igi náà ti gbó, wọn ò wúlò mọ́. Igi tèmi tó ń so, mo kọ ọ́ pé ó ti gbó! Mo lu òǹtẹ̀. Ìdílé tà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn wá sí ọ́fíìsì wa. Ó ní wọ́n ti gé gbogbo igi náà tán, ti Àbẹ̀kẹ́ sì wà lára wọn, àfi ẹyọ kan tí Ìyá Àgbà jókòó sídìí rẹ̀. Ó ní ìyá náà ń sọ pé ẹni tó ni ín wà láyé, kò sì sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó máa gé igi ìwọ́ alààyè láìgba ẹnu rẹ̀. Ó yọ obì mẹ́rin tí wọ́n fi ewé pọ́n jáde, ó gbé e fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá ní kí n kó o fún yín," ló wí. "Arúgbó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní bí ẹ ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ náà, ìrìn yín ti sọ ọ́ fún àwọn. Wọ́n ní ẹnu yín nìkan làwọn ń dúró dè."

Ẹ gbọ́ mi o! Ó ti mọ̀ mí. Ó mọ̀ mí kó tó béèrè. Ó mú mi rìn ká gbogbo orúkọ yẹn kó lè mú mi dé ìdí tèmi, kó lè fún mi láyè. Ó rí irọ́ mi, kò sì dójú tì mí. Irú sùúrù wo nìyẹn? Títí di òní ni ó ń yà mí lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òǹtẹ̀, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Iṣẹ́ tó bá ti ní kí o kọ́kọ́ fi ọmọ ẹni tí o jẹ́ pamọ́ kí o tó lè ṣe é, dá a padà kí o tó gun ọ̀kadà. Èmi ti kọ ìwé fún ọ̀gá mi, mo ti sọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n lè gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ mi, ìdílé sì lè gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Mo ti gbà. Láàárọ̀ ọ̀la, n ó gba Iléṣà kọjá lọ sí Iperindo. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí ni pé, bí mo bá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, láàárín gbogbo kùkùté yẹn, tí ó sì tún bi mí pé ọmọ yèsí ni mí, ojú wo ni n ó fi wò ó kí n tó dárúkọ ìyá mi?