Gbogbo Pobè Mọ Ohùn Mi, Kò Sẹ́ni Tó Mọ̀ Mí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Bí mo bá lanu lọ́jà Pobè, wọ́n á ní, "Oníròyìn wa nìyẹn!" Àmọ́ bí mo bá wọlé tí mo ti ilẹ̀kùn, ta ló kù tí mo ń bá sọ̀rọ̀? Ògiri ni!

Ojú mi ríran kedere, ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í dúró lójú kan fún mi. Àwọn kan wà tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀; mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ lẹ́nu dókítà. Níléèwé wa ní Issaba, olódo ni mẹ́tìrì, olùkọ́ wa, ń pè mí, pàṣán ló fi ń kọ́ mi. Ẹnu ni mo fi wọ iṣẹ́ rédíò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á ka ìròyìn sí mi létí, èmi á há a sórí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀gá wa gbé ìwé síwájú mi, ó sọ sí mi létí pé iná ti jó àká àgbàdo ní Takon, kí n kà á. Àwọn lẹ́tà ń jó lójú mi! Mo ti ìwé náà sẹ́yìn, mo pe baálẹ̀ ibẹ̀ lórí fóònù, gbogbo ìlú ń gbọ́. "Bàbá, kí lẹ rí?" Bàbá náà bú sẹ́kún. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn èèyàn ti ń gbé oúnjẹ lọ sí Takon. Wọ́n fi mí jẹ olórí àwọn oníròyìn. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ti ìwé sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni mo pàdé Ṣẹ́gun, olùkọ́ kan ní Sakété. Ó nífẹ̀ẹ́ mi, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan nílé ìyá rẹ̀, ó na ìwé ìròyìn sí mi: "Ìwọ tó o mọ̀wé, kà á sí Màámi létí." Mo ní orí ń fọ́ mi. Mo jáde, n kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́ títí dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ̀ wá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà rédíò.

"Ọmọ mi, kí ni Ṣẹ́gun fi ṣẹ̀ ọ́? Ó lóun ò mọ̀."

Mo kúnlẹ̀. "Màámi, kò ṣẹ̀ mí."

Ó ń retí kí n sọ̀rọ̀ sí i. Èmi tí ẹnu mi ń bọ́ mi, sẹ́mì tó ń kọjá ni mo dá dúró fún un! Ó gun alùpùpù náà padà sí Sakété.

Ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹlákáǹ tọ alábẹ lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún Ṣẹ́gun, ojú wo ni yóò fi wò mí? Àbí ó ti pẹ́ jù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àmọ́ ẹnu ni kí ẹ fi sọ ọ́ fún mi, ẹ má kọ ọ́.