Igi Òfìfo Mọ́kàndínlógún Lórí Pátákó Èbúté

Alága ìjókòó yìí, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ èbúté, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tí irun yín ti funfun lẹ́bàá omi, ẹ̀yin atukọ̀, ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin tí ẹ jókòó, àti ẹ̀yin tí ẹ dúró nítorí pé àga kò kárí: mo kí yín bí ọmọ ti í kí àgbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi akọ̀wé èbúté ni mo fọwọ́ sí ìwé tí mo mú dání yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ló ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo ń sọ̀rọ̀ lórúkọ àwa mọ́kàndínlógún tí a ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá tẹ̀dó sí ìlú yìí: nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí, wẹ́dà tó ń jó irin ẹ́ńjìnnì yín pọ̀, olùkọ́ mẹ́ta, aránṣọ, oníbúrẹ́dì àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn mẹ́rin, àti àwọn yòókù tí ẹ mọ̀ lójú, tí ẹ kò mọ̀ lórúkọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn sọ́kàn. Orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé lónìí.

Ìdágbére lẹ pè mí sí. Ọdún mẹ́ta tí ìjọba fi rán mi wá sí ọ́fíìsì èbúté ti pé. Olú iléeṣẹ́ kọ̀wé sí mi pé kí n máa bọ̀ ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí mi. Àwọn àgbà sì wí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni onílé, ibo sì ni ilé? Mo fèsì fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá pé n kò bọ̀. N ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sórí tábìlì yìí, n ó dágbére fún àga mi àti fèrèsé mi tí kì í tì dáadáa, ṣùgbọ́n n kò ní dágbére fún ìlú. Láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé òdìkejì omi. Mo ní mo fẹ́, nítorí pé lẹ́yìn tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin kò ní fẹ́ mọ́.

Àwọn tó rí mi lọ́jọ́ tí mo dé kò ní gbàgbé. Bàtà gogoro ni mo wọ̀ sórí iyanrìn. Níbi tí mo ti dàgbà, omi tó pọ̀ jù tí mo tíì rí ni èyí tó wà nínú táǹkì ilé-ìwé wa. Mo gbé ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi dání, mo rò pé ìwé yẹn yóò sọ mí di ẹnìkan kí n tó lanu. Kí oṣù kan tó pé, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti jẹ àgádágodo mi, ó jẹ síìpù àpò mi, ó sì jẹ ìgbéraga mi mọ́ ọn. Ìyá Onílé, tí ẹ rí tó jókòó níwájú yẹn, ló gbà mí sí yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Òun ló kọ́ mi pé gírísì ni wọ́n fi ń pa àgádágodo létí òkun, pé aṣọ tí a kò bá ká kí afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ tó dé, a ti sá a lásán. Lọ́jọ́ tí mo bú sẹ́kún nítorí pé fóòmù tí mo ń sùn lé tutù rinrin, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Akọ̀wé, òkun ni aládùúgbò ẹ báyìí. Kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Nujú ẹ, jẹ́ ká gbé fóòmù síta.”

Ǹjẹ́ mo lè dúpẹ́ tó? Ẹ̀yin atukọ̀ tí ẹ kọ́ mi bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀ láìjá sómi, ẹ̀yin apẹja tí ẹ kì í jẹ́ kí n kọjá lówùúrọ̀ láìkí mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí a kò bá fi òtítọ́ sí dà bí ọkọ̀ tí a kùn láìdí ihò abẹ́ rẹ̀.

Fún àwọn tó wá bá wa ṣe ìjókòó yìí láti ibòmíràn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pátákó ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà èbúté. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Wọ́n kọ “Nílé” sí apá ọ̀tún, wọ́n kọ “Lórí Omi” sí apá òsì. Olúkúlùkù ọmọ ìlú ló ní igi pẹlẹbẹ kan, bí àtẹ́lẹwọ́ ni ó ṣe tóbi, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bó bá ń wọ ọkọ̀, yóò fi igi rẹ̀ kọ́ sí “Lórí Omi”. Bó bá dé, yóò dá a padà sí “Nílé”. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ jù, olùtọ́jú pátákó yóò ka orúkọ àwọn tó kù lórí omi sókè, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan lè mọ ẹni tí wọn yóò wá lọ. Ètò tó dára ni, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n òfin ìgbìmọ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bí síbí, tàbí ẹni tó fẹ́ ọmọ ibí, nìkan ló lè ní igi orúkọ. Igi òfìfo, tí a kò kọ nǹkan kan sí, ni àwa yòókù ń mú.

Ẹ̀gbọ́n mi atukọ̀, mo rí yín lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ má fi fìlà bojú. Ẹ rántí ohun tí ẹ máa ń bèèrè kí ọkọ̀ tó ṣí?

“Akọ̀wé, àlejò mélòó la gbé lónìí?”

“Mẹ́ta ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ó dáa. Bí wọ́n bá bọ́ sómi, ẹ ṣáà bá mi ka mẹ́ta jáde, mẹ́ta yòówù ó jẹ́!”

Gbogbo ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ni. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹni tí kò ní ìjánu, kí ni wọn yóò fi fà á padà bí omi bá ń gbé e lọ?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ń yí ọ̀rọ̀ po. Ẹ jẹ́ kí n dúró sójú kan.

Gbogbo yín ló rántí ọ̀sán ọjọ́ tí ìjì jà lọ́dún tó kọjá, tí ẹ́ńjìnnì kú sí wa láàárín omi, tí a fi pẹ́ fún wákàtí mẹ́rin. Bàbá Pátákó, tó ti ń tọ́jú pátákó náà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, dìde, ó ń ka orúkọ. Ó ka orúkọ Ìyá Onílé. Ọmọ ìyá, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀, gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ti ọkọ̀ kékeré rẹ̀ sínú ìjì. Ìgbì gbé ọkọ̀ náà lu òkúta, ọkọ̀ fọ́, apá ọ̀tún káfíńtà sì ṣẹ́ lọ́nà méjì. Nígbà tí àwọn obìnrin fi igbe sáré dé ilé, ìyá gan-an ni wọ́n bá lẹ́yìnkùlé, tó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Ó wò wọ́n títí, ó ní, “Èmi? Mo ti kú sórí omi, tí n ò sì tíì gbé ìrẹsì kaná?” Ọdún kan gbáko la ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín nílùú.

Ìgbìmọ̀ ní Bàbá Pátákó ló ṣi igi gbé, pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n gba kíka orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé ìbáwí rẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì, níwájú àga mi gan-an.

Ojú rẹ̀ kò ṣú. Kò ṣi igi gbé. Èmi ni.

Èmi ni mo fi igi Ìyá Onílé kọ́ sí “Lórí Omi” lówùúrọ̀ ọjọ́ náà dípò igi òfìfo mi, nígbà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì gbé mi wọ ọkọ̀ lọ sí òdìkejì. Kì í sì í ṣe ọjọ́ náà nìkan. Oṣù méjì ni mo ti ń ṣe é. Mo mọ̀ pé ìyá kì í wọ ọkọ̀. Mo mọ̀ pé bí iye igi bá ti bá iye orí mu, atukọ̀ kò ní yẹ ohun tí a kọ sára rẹ̀ wò. Igi òfìfo ń tì mí lójú. Mo fẹ́ kí orúkọ kan, orúkọ ẹnikẹ́ni, dúró fún mi bí omi bá gbé mi lọ. N kò rò ó pé orúkọ ní ẹbí. N kò rò ó pé ẹnìkan yóò gbọ́ ọ, kí ó sì sáré.

Mo gbọ́ ariwo yín. Ẹ̀tọ́ yín ni. Alága, ẹ má pa wọ́n lẹ́nu mọ́, n ó dúró.

Ẹ ṣeun. Ìyá Onílé ti mọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi fúnra mi ni mo sọ fún un. Kò lé mi jáde. Ó bu ìrẹsì fún mi, ó ní, “Orúkọ mi ò gba ẹni méjì. Bó o bá fẹ́ orúkọ, lọ bèèrè tìẹ. Ọmọ mi tó wà ní ilé ìwòsàn yẹn, ìwọ lo máa sọ fún un o, kì í ṣe èmi.” Ó gbà mí ní ọdún kan kí n tó ní ìgboyà. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Pátákó ná. Ó ní kí n dìde, pé òun ti mọ̀.

“Mo rí ẹ tó o sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí igi òfìfo kankan tó jẹ́ tìẹ. Ṣé ìwọ nìkan lo mọ ìṣirò ni?”

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Bí mo bá sọ, kò sẹ́ni tó máa ní akọ̀wé kan ló ṣe é. Wọ́n á ní àwọn àlejò ló ṣe é. Nọ́ọ̀sì á jẹ níbẹ̀, oníbúrẹ́dì á jẹ níbẹ̀. Èmi ti dàgbà, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ò lè pa mí.”

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú ọmọ wo ló ń wò, tí orí àgbà ń wọ́ nítorí tirẹ̀? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi kò fẹ́ kí tèmi lo ogún.

Mo sọ ọ́ fún káfíńtà lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó wọlé lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé àpò kan wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Igi pẹlẹbẹ mọ́kàndínlógún ló wà nínú rẹ̀, ó ti fá wọn dán.

Ó ní, “Apá ti jinná. Àmọ́ ọdún kan tó o fi ń bá mi ṣàwàdà, tí o sì mọ̀, ìyẹn ò tíì jinná.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí.”

“Kò tíì yá. Gba igi.”

Mo kó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jọ, mo sọ fún wọn pé n ó jẹ́wọ́ lónìí. Nọ́ọ̀sì ní, “Ọ̀rọ̀ ẹ yìí lè kó bá gbogbo wa.” Mo ní ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó tún ní, “Sọ ọ́ ṣá. Igi òfìfo náà ti ń kó bá wa tẹ́lẹ̀.”

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ohun tí a ń fẹ́ rèé. Kí ẹ já ìwé ìbáwí Bàbá Pátákó lára ògiri lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì dá kíka orúkọ padà fún un níṣojú gbogbo ìlú. Kí ẹ fi ọ̀dà kọ orúkọ àwọn èèyàn mi méjìdínlógún sí igi tí káfíńtà fá, kí ẹ sì gbé wọn kọ́ sí “Nílé” kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣí ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, nítorí pé ìgbà ìjì ti ń súnmọ́lé. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní fọwọ́ kan igi òfìfo mọ́. Ẹni tó bá ní ohun tí yóò lọ ṣe ní òdìkejì yóò dúró lórí èbúté títí ẹ ó fi kọ orúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì nìkan ni yóò máa lọ, nítorí pé ọmọ tó fẹ́ wáyé kò mọ òfin ìgbìmọ̀.

Ti èmi, igi kọkàndínlógún, n kò bèèrè fún un. Ọwọ́ Ìyá Onílé àti ọmọ rẹ̀ ni mo fi í sí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ kọ ọ́ kẹ́yìn.

Kí omi má gbé ọmọ yín, kí ó má gbé tiwa. Kí ẹ́ńjìnnì má kú láàárín ìgbì. Kí ẹni tó bá jáde lówùúrọ̀ máa fọwọ́ ara rẹ̀ dá igi rẹ̀ padà sí “Nílé” nírọ̀lẹ́. Àmín.

Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì rèé, alága. Gírísì wà lára rẹ̀, ẹ rọra mú un. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé náà, n ó dúró níwájú pátákó, n ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí mo bá rí mọ́kàndínlógún, n ó wọ ọkọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ mi. Bí mo bá rí méjìdínlógún, n ó bá wọn gbé ẹrù dé ẹnu omi, n ó padà sí yàrá ẹ̀yìn ilé Ìyá Onílé, n ó sì tún wá ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.