Ojú Wíńdóòsì, Inú Línọ́ọ̀sì

"Ẹ̀yin Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọwọ́ kúrò nínú aró ná. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì, kò dà nínú mi. Òní ni n ó pọ̀ ọ́."

Báyìí ni Gbémiga ṣe bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà àwọn obìnrin aláró ní Igbein. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà lé ilẹ̀ tí omi aró ti rin gbindin. N kò ní parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà kò yé òun fúnra rẹ̀ tán. Ó mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ gan-an nínú gbogbo ohun tó ṣe ni kò yé e, ó sì ti rò ó títí orí fi ń fọ́ ọ.

Alhaja Saidat, olórí àwọn aláró, yọ ọwọ́ nínú ìkòkò. Ọwọ́ wọn dúdú dé ìgunpá.

"Ẹnjiníà wa, kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Kọ̀ǹpútà yín ni."

"Yéè! Ó ti bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́, Màmá. Kò bàjẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀."

Àwọn obìnrin wo ara wọn lójú. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá ń dọ̀bálẹ̀ nítorí pé kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́! Màmá Lois, tí kì í lè pa ẹnu mọ́, ní kí wọ́n bu omi tútù fún un, bóyá oòrùn ló pa á. Gbémiga kò gba omi. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ lọ láìdúró.

"Ẹ rántí ìgbà tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì wọ inú kọ̀ǹpútà yín, tó jẹ gbogbo àwòrán aṣọ tí ẹ fi ń han àwọn oníbàárà yín ní òkè òkun. Ẹ sunkún lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fà á. Wíńdóòsì tí mo fi sí i, jíjí ni mo jí ẹ̀dà rẹ̀, n kò rà á, ibi tí mo ti jí i ni kòkòrò ti tẹ̀ lé e wọlé. Ojú tì mí. Mo ní n kò ní fi ohun olè sí kọ̀ǹpútà yín mọ́. Ni mo bá gbé Línọ́ọ̀sì wá. Òun náà lè darí kọ̀ǹpútà bí Wíńdóòsì ṣe ń darí rẹ̀, kò sí ẹni tó ń gba owó rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó fún ẹlòmíràn. Mo sọ fún yín nígbà náà, ẹ má sọ pé n kò sọ. Alhaja bi mí pé èló ni. Mo ní ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀rín tí ẹ rín mi lọ́jọ́ náà, ó ṣì wà létí mi. Màmá Lois ní, 'Ohun tí a kò bá jìyà fún, kì í tọ́jọ́.' Ẹ ní ohun tí ayé ń lò ni kí n fún yín. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi Línọ́ọ̀sì sí i. Mo wá kun ojú rẹ̀: bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, àmì rẹ̀, àní ohùn tó máa ń ké nígbà tó bá ń jí, gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe bíi ti Wíńdóòsì. Mo gbé e padà wá, mo ní Wíńdóòsì tuntun nìyí. Ẹ tan án, ẹ yìn ín, ẹ gbàdúrà fún mi. Ẹnu ọ̀hún ni mo fi ṣàmín, ẹnu burúkú!"

Alhaja Saidat wo kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì, wọ́n tún wo Gbémiga.

"Èyí tí à ń lò láti ọjọ́ náà, tí kòkòrò kan kò wọ inú rẹ̀... òun ni ọ̀fẹ́ tí a kọ̀?"

"Òun ni, Màmá."

"O wá ń bẹ̀ wá nítorí pé o fún wa ní ohun tó dára?"

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti lọ́ mọ́ Gbémiga lọ́wọ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń jiyàn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé ohun ọ̀fẹ́ kò lè bá ti olówó figagbága láéláé, òun nìkan ló mọ̀ pé ó ti ń figagbága ní Igbein, ó sì ń borí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó ní, irọ́ ni. Bó bá sọ ọ́, wọn yóò da ohun rere nù. Bí kò bá sọ ọ́, orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ló ń gba ọpẹ́. Ó ì bá fẹ́ dúró síbi tí Alhaja bá a dé yìí, kí wọ́n rín in, kí ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tó burú.

"Ẹ rántí Ifáníkẹ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Wọ́n rántí. Ọmọ ilé Fárọ̀mbí ni, láti abúlé kan lẹ́bàá Odeda. Ó kàwé kọ̀ǹpútà, àwọn aláró sì gbà á pé kó máa bá wọn fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́.

"Kò pẹ́ tó jókòó sídìí rẹ̀ tó fi mọ̀. Ó ní, 'Ẹ̀yin Màmá, Línọ́ọ̀sì rèé o! Ẹ jẹ́ kí n yí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn yín, bí ẹ ṣe máa ń yí ẹ̀yìn aṣọ wò láti mọ̀ bóyá aró wọ ọ́ dénú.' Inú rẹ̀ ń dùn ni, kò mọ̀ pé ó ń tú mi láṣìírí. Ẹ ránṣẹ́ pè mí. Ẹ bi mí níṣojú rẹ̀. Mo wo ojú ọmọ náà, Màmá, mo ní irọ́ ló ń pa. Mo ní ọmọ oko lásán ni, pé kò mọ iṣẹ́, pé ó fẹ́ ba kọ̀ǹpútà yín jẹ́ kó lè ríṣẹ́ tún ṣe. Ẹ ní kó máa lọ. Ó ń sọ pé, 'Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò.' Mo kẹ́yìn sí i. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣe ní Odeda. Mo rí i níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi. 'Ẹ kú ìrìn, sà. Ṣé kọ̀ǹpútà àwọn Màmá ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa?' Ohun tó bi mí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́."

Màmá Lois ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ mọ́. "Àwa tí à ń sunkún pé wọ́n ń tẹ aṣọ ní ìlú òkèèrè, wọ́n ń fi orúkọ àdìrẹ wa pè é. Ìwọ wá fi orúkọ ẹlòmíràn pe ojúlówó. Gbémiga, n kò mọ èyí tó burú jù níbẹ̀ o."

"Èmi náà kò mọ̀, Màmá."

Alhaja ní kó dìde, kó bọ́ ohun tó fi bo ojú kọ̀ǹpútà náà níṣojú wọn. Gbémiga ṣe é. Àmì Wíńdóòsì lọ, ojú Línọ́ọ̀sì yọ, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Àwọn obìnrin rọ̀gbà yí i ká. Màmá Lois tẹ àwòrán aṣọ kan, ó dúró, ó fa imú.

"Ẹ ò rí i? Ó ti ń falẹ̀."

Kò falẹ̀ rárá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lánàá ló wà nínú rẹ̀ lónìí. Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ sí irú ìyẹn? Gbémiga bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárí ji òun.

"Kì í ṣe àwa lo pè ní òpùrọ́," Alhaja dáhùn. "Gba Odeda lọ. Sọ fún un pé mo ní kó padà wá, kó wá yí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn wá. Kó tó dé, ìwọ má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí mọ́."

Níbi ìdí ẹ̀gẹ́ náà ní Odeda ló tún bá Ifáníkẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó lè bí. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó dárúkọ irọ́ náà bó ṣe pa á, ó sì jẹ́ iṣẹ́ Alhaja. Ifáníkẹ́ gbọ́ ọ tán, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

"Línọ́ọ̀sì ni lóòótọ́?"

"Òun ni."

"Ẹ sì mọ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Mo mọ̀. Ifáníkẹ́, dárí jì mí."

Ọmọbìnrin náà ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí omi ẹ̀gẹ́ ti gbẹ sí.

"Mo ti gbé kọ̀ǹpútà tèmi fún ẹlòmíràn, sà. Mo ní bí ọ̀gá bíi tiyín bá wò ó tó ní kì í ṣe òun, a jẹ́ pé ojú mi ló tàn mí. Mo ní iṣẹ́ náà kò yé mi rárá, ẹ̀tàn ni mò ń tan ara mi. Gbogbo ìgbà yìí ni mo ti ń bi ara mi pé, kí gan-an ni mo rí?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ẹkún ni, ẹ̀rín ni, Gbémiga kò lè sọ.

"Àṣé mo rí i dáadáa," ló wí.

Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, ó ń bó o lọ. Gbémiga ṣì wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun dìde.