Oṣù Mẹ́ta, Pílásítà Kan

Adájọ́ obìnrin kan, tó máa ń nu awò ojú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, lẹni àkọ́kọ́ tó sọ ìtàn yìí fún mi. Ìtàn ara mi ni o, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí, àfi lọ́jọ́ tó kà á sí mi létí ní kóòtù. Nígbà tó parí rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ yẹgi fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti wà nínú yàrá yìí, èmi nìkan, tí mò ń dúró de ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá fún mi. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ohun tí adájọ́ mọ̀ kò tó ohun tí mo mọ̀.

Ọmọ Emùré-Ilé ni mí. Àjọ kan tó ń tọ́jú ọmọ òrukàn ní ìlú Ọ̀wọ̀ ni mo bá ṣiṣẹ́. A máa ń fi àwọn ọmọ náà sọ́dọ̀ ìbátan wọn láwọn abúlé tó wà lápá Ute àti Arimogija. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gun ọ̀kadà àjọ lọ wò wọ́n lóṣooṣù, kí n ya fọ́tò wọn, kí n sì wá jíṣẹ́.

Obìnrin tó dá àjọ náà sílẹ̀ ni olórí wa. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè é. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ náà dénú, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ gbọ́ ohun tó lè bà á lọ́kàn jẹ́. Láràárọ̀ Mọ́ńdè, lẹ́yìn orin àti àdúrà, oníkálùkù á dìde, á ní, "Àwọn ọmọ mi wà ní àlàáfíà." A ó dáhùn pé, "Ògo ni f'Ólúwa." Á jókòó.

Lóṣù kejì tí mo débẹ̀, mo dìde, mo ní, "Mọ́mì, ọmọ wa tó wà ní Ute kì í lọ sílé ìwé. Gààrí ni wọ́n ń ní kó máa yan." Mo fẹ́ jókòó.

"Ta ló ní kí o jókòó? Ta la fi ọmọ náà lé lọ́wọ́, èmi àbí ìwọ?"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì."

"Dúró síbẹ̀. Ìgbà tí o bá rí ìròyìn ayọ̀ sọ, kí o jókòó."

Orí ìdúró ni mo wà títí ìpàdé fi parí. Nígbà tí a jáde, Kọ́lá, ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń lọ sí abúlé, gbá mi léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá Olóòótọ́, ṣé ẹsẹ̀ ò dùn yín? Òtítọ́ kì í rí àga jókòó níbí o."

Òun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n tí gbogbo wọn ń dá. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ní kó pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta, kí o ya fọ́tò mẹ́ta. Ìbẹ̀wò oṣù mẹ́ta ti parí nìyẹn. "Àbí ìdí yín ló fẹ́ máa bá ọ̀nà Arimogija jà lóṣooṣù?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti kéré tó nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fọ́tò lásán.

Ọmọ ọdún méje ni Fúnmiláyọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló wà ní Arimogija. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ó ń sáré bọ̀ wá pàdé mi, ló bá ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Mo fi omi fọ̀ ọ́, mo lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ó wọ gáùn búlúù, mo yà á. Ó wọ pupa, mo yà á. Ó wọ aṣọ ilé ìwé, ó ń rẹ́rìn-ín. Eré ló pè é.

"Ọ́ńkù, ìgbà wo lẹ ó tún wá?"

"Oṣù tó ń bọ̀, lọ́jọ́ Sátidé."

"Ẹ fọn fèrè ọ̀kadà yín o, kí n lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Mo ní n ó fọn ọ́n.

Oṣù tó ń bọ̀ dé. Abẹ́ igi máńgòrò kan ní Emùré-Ilé ni mo jókòó sí, mo kọ ọ́ síwèé pé mo dé Arimogija, ọmọ wà ní àlàáfíà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Mọ́mì ní kí gbogbo wọn wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó tún ní kí n wà lórí ìdúró mọ́.

Àǹtí Dúpẹ́ ló fura. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló ń bá àjọ mójú tó ìlera àwọn ọmọ. Ó dúró níwájú fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára ògiri ọ́fíìsì, ó pè mí.

"Àbúrò mi, wo orúnkún ọmọ yìí."

"Kí ló ṣe é, Àǹtí?"

"Oṣù mẹ́ta, pílásítà kan. Igun kan náà ló ká sókè. Bóyá egbò ọmọ ni kò fẹ́ jinná, bóyá ìwọ ni o kò lọ. Lọ́la, kí o gbé mi débẹ̀."

Nígbà tí a dé Arimogija, ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò bú mi. Ìbá kúkú bú mi. Ó ní ọmọ náà kò jẹ́ kí òun ṣí pílásítà: ọ́ńkù ló lẹ̀ ẹ́, ọ́ńkù ni yóò wá ṣí i. Nígbà tí òun fi ipá ṣí i, abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa kò bóro mọ́. Ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n sin ín nìyẹn.

"Gbogbo Sátidé ló ń jókòó sétí títì," ló wí. "Bó bá ti gbọ́ ọ̀kadà, á ní, 'Màmá, wọ́n ti dé.'"

Bí a ṣe ń bọ̀, Àǹtí Dúpẹ́ sunkún títí a fi dé odò. Ó ní kí n dúró, kí òun bọ́jú. Òjò ti rọ̀, odò kún. Mo tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bò ó. Ẹ jẹ́ ká ní ibà ló ṣe é."

"Ní Mọ́ńdè, n ó dìde, n ó sọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n fi mí sórí ìdúró di ọjọ́ alẹ́."

"Wọn á tì mí mọ́lé, Àǹtí!"

"Ọmọ kú, ara rẹ lo ṣì ń rò?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bomi. Mo tì í.

Àwọn kan nínú ẹ̀wọ̀n yìí máa ń ní iṣẹ́ èṣù ni. N kò rí èṣù létí odò lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo rí. Ó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan, omi gbé e lọ. Mo dé ọ́fíìsì, mo kọ ọ́ síwèé pé Àǹtí Dúpẹ́ dúró ní Ute láti kí ẹbí rẹ̀, àti pé ọmọ Arimogija wà ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kan nínú oko ẹ̀gẹ́ lókè odò ti rí wa. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n mú mi.

Mọ́mì wá jẹ́rìí ní kóòtù, ó ń sunkún. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé nǹkan kan ń bàjẹ́. Láti ọjọ́ tó ti fi mí sórí ìdúró, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ti Àǹtí Dúpẹ́ sódò.

Ìwé kan wà lẹ́nu géètì ẹ̀wọ̀n yìí tí àlejò ń kọ orúkọ sí. Bí Sátidé bá dé, tí mo gbọ́ ọ̀kadà lẹ́yìn odi, màá dìde. Á kọjá lọ. Màá bi wọ́dà àgbà, "Bàbá, ṣé ẹnì kan kọ orúkọ nítorí mi?" Á ní, "Kò sí o, ọmọ mi." Lọ́jọ́ kan, àánú mi ṣe é. Ó ní, "Ṣé kí n bá ọ kọ ọ́ pé ẹnì kan wá?"



Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró nítorí òtítọ́, ẹ dúró. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn níbẹ̀. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ta ló jókòó sétí ọ̀nà nísinsìnyí, tó ń retí rẹ, tí o sì ti kọ ọ́ síwèé pé o dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?